Kọ́ńpósìtì, ìgbẹ́ ẹran, eérú àti láìmù: èwo ni ilẹ̀ yín ń fẹ́?

Àpò mẹ́ta lè wà nílẹ̀ tí wọ́n kọ "ajílẹ̀" sára gbogbo wọn, kí iṣẹ́ wọn má sì jọra rárá. Ọ̀kan ń bọ́ ohun ọ̀gbìn. Ọ̀kan ń tún ara ilẹ̀ ṣe kó lè gba omi àti afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta ń mú kíkan inú ilẹ̀ rọlẹ̀. Ẹni tó bá da ẹ̀kẹta sórí ilẹ̀ tí ebi ń pa, ebi náà ò ní lọ. Ẹni tó bá sì ń da oúnjẹ ọ̀gbìn sórí ilẹ̀ tí omi ń dúró lé, gbòǹgbò á ṣì jẹrà síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ìfiwéra yìí ò fi ní bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọ́n ń tà. Ilẹ̀ la máa kọ́kọ́ wò.

## Ẹ kọ́kọ́ bi ilẹ̀ léèrè

Ẹ bu erùpẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ dà á sínú ìgò tó mọ́ gaara títí tó fi dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà. Ẹ bu omi kún un, ẹ wọ́n ọṣẹ ìfọṣọ bíńtín sí i, ẹ dé e, kí ẹ mì í fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wá gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fọwọ́ kàn án. Yanrìn á ti rọ̀ sísàlẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Erùpẹ̀ tó kúnná á tẹ̀ lé e láàárín wákàtí méjì. Amọ̀ lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó rọ̀ tán. Ẹ fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí yanrìn bá lé ní 70% gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ oníyanrìn lẹ ní. Bí amọ̀ bá lé ní 40%, ilẹ̀ alámọ̀ ni.

Ìdánwò kejì, ihò ni. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi kún un, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, kí ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí lẹ máa wọ̀n, nítorí pé ilẹ̀ gbígbẹ máa ń fa omi àkọ́kọ́ mu ju bó ṣe yẹ lọ. Bí omi bá lọ sísàlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 7 láàárín wákàtí kan, kò sí wàhálà. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 1, ilẹ̀ ti dí pa. Bó bá ju 15 lọ, bí ẹ ṣe ń bomi rin ín ni omi ń lọ, ajílẹ̀ sì ń bá a lọ.

Ẹ̀kẹta ni kíkan ilẹ̀, tí wọ́n ń fi pH wọ̀n: bí pH bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ àti èso fẹ́ràn pH 6.0 sí 7.0. Bó bá ti rẹlẹ̀ ju 5.5 lọ, alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ á máa yòrò sínú omi, á máa pa ẹnu gbòǹgbò, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ ọ̀gbìn, náà á sì há mọ́lẹ̀ débi pé ọ̀gbìn ò ní rí i mu. Bébà tó ń yí àwọ̀ padà lè fi ibi tí nǹkan dojú kọ hàn yín bí ẹ bá fi omi òjò pò erùpẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun lílọ̀ tó ń mú kíkan ilẹ̀ rọlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ bá yín wò ó, nítorí pé láìmù tó bá ti wọlẹ̀ kò ṣeé kó jáde mọ́.

## Kọ́ńpósìtì tàbí ìgbẹ́ ẹran?

Àwọn méjì yìí làwọn èèyàn máa ń pọ̀ mọ́ra jù. Kọ́ńpósìtì ni ewé, koríko, èèpo oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n kó jọ, tó gbóná, tó jẹrà, tó wá tutù, tó di dúdú. Ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n kàn kó láti inú ọgbà ẹran kì í ṣe kọ́ńpósìtì, ì báà ti gbẹ.

Ìṣirò kan wà tó ń la èèyàn lójú. Lítà 25 kọ́ńpósìtì máa bo àyè tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, á sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ó wọ̀n tó kílò 15. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi, ó ku kílò 7.5. Bí nàìtírójìn inú rẹ̀, oúnjẹ tó ń mú ewé dàgbà, bá jẹ́ 1.5%, nǹkan bíi gíráàmù 112 ló wà níbẹ̀. Ó pọ̀ lójú, àmọ́ inú ohun tó ti jẹrà ló há sí, ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń jáde lọ́dún àkọ́kọ́. Gíráàmù 11 nìyẹn. Ẹ̀fọ́ tó ń jẹun dáadáa lè fẹ́ gíráàmù 10 sí 15 lórí àyè kan náà. Kọ́ńpósìtì nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kájú rẹ̀, tàbí kó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ wá wo kílò kan ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ tí nàìtírójìn rẹ̀ jẹ́ 3%: gíráàmù 30 ló wà nínú rẹ̀, bíi ìdajì ìyẹn ló sì máa ń jáde láàárín ìgbà ọ̀gbìn kan. Gíráàmù 15 ti wọlé. Yúríà, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, ńkọ́? 46% rẹ̀ jẹ́ nàìtírójìn, gíráàmù 22 péré ti tó láti fún yín ní gíráàmù 10. Bó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ni, yúríà ló borí. Àmọ́ kò fi nǹkan kan kún ara ilẹ̀: ilẹ̀ tó le koránkorán lánàá á ṣì le lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́ńpósìtì yàtọ̀. Ó ń lẹ àwọn hóró erùpẹ̀ pọ̀ di kóró kóró, àyè á sì wà láàárín wọn fún omi àti afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ yìí lẹ ń sanwó fún nígbà tí ẹ bá rà á. Nínú tábìlì yìí, bí kábọ̀nù bá ṣe pọ̀ ju nàìtírójìn lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni nàìtírójìn ṣe ń pẹ́ tó kí ọ̀gbìn tó rí i mu.

| Ohun tó wà nílẹ̀ | Nàìtírójìn | Kábọ̀nù sí nàìtírójìn | Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ |
|---|---|---|---|
| Ìgbẹ́ adìyẹ, gbígbẹ | 3–4% | bíi 7–10 sí 1 | Ó lágbára, ó ń jó gbòǹgbò bó bá pọ̀; fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ pọ̀ |
| Ìgbẹ́ màlúù, tútù | bíi 0.5% | bíi 20 sí 1 | Kò le, àmọ́ irúgbìn èpò máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ |
| Ìgbẹ́ àgùntàn tàbí ewúrẹ́, tútù | 0.7–1% | bíi 15 sí 1 | Kóró kóró ni, ó rọrùn láti fọ́n |
| Ìgbẹ́ ẹṣin, tútù | 0.6–0.7% | bíi 25–30 sí 1 | Ó ń gbóná kíákíá nínú òkìtì. Irúgbìn èpò ò kú nínú ikùn ẹṣin |
| Kọ́ńpósìtì tó ti gbó, láìka omi rẹ̀ | 1–2% | 10–20 sí 1 | Ó ń tún ilẹ̀ ṣe ju bó ṣe ń bọ́ ọ lọ |

Ohun tí ìgbẹ́ tútù ń ṣe fún ọ̀gbìn kékeré kì í pẹ́ hàn: etí ewé á gbẹ, á di bíi bébà tí iná rà lẹ́nu, ìdí igi á sì rọ. Amóníà, afẹ́fẹ́ tó ń ta nímú tó ń jáde lára ìgbẹ́, àti iyọ̀ ló fà á. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìyẹ tútù kan ìdí ọ̀gbìn láé. Ti ìlera náà tún wà níbẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun lè wà nínú ìgbẹ́ tí kò tíì gbóná. Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò lo kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà ní kó pé ọjọ́ 120 láàárín ọjọ́ tí wọ́n da ìgbẹ́ tí kò tíì di kọ́ńpósìtì sílẹ̀ àti ọjọ́ ìkórè ohun tó ń kan ilẹ̀, bíi kárọ́ọ̀tì àti létúùsì, kó sì pé ọjọ́ 90 fún ohun tí kì í kan ilẹ̀. Ìwọ̀n yẹn dára fún ọgbà ẹnikẹ́ni. Ti ajá àti ológbò ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o: kò yẹ kó dé ibi tí a ń gbin ohun jíjẹ.

Wàhálà kan wà tí ojú ò lè rí. Àwọn oògùn apakoríko kan, aminopyralid àti clopyralid, máa ń gba inú ẹran kọjá láìkú. Ẹran á jẹ koríko tí wọ́n fọ́n ọn sí, á yà á, ìgbẹ́ náà á di kọ́ńpósìtì, oògùn ọ̀hún á ṣì wà níbẹ̀. Tòmátò àti ẹ̀wà ló kọ́kọ́ ń fara gbá a: ewé tuntun á ká wọnú bí ìkòkò, orí igi á lọ́. Bí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹran náà jẹ, ẹ dán ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ po kọ́ńpósìtì náà mọ́ erùpẹ̀ tó dájú ní ìdajì sí ìdajì, kí ẹ dà á sínú ìkòkò mẹ́ta. Ẹ da erùpẹ̀ náà nìkan sínú ìkòkò mẹ́ta mìíràn. Ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́rin mẹ́rin sínú gbogbo wọn, kí ẹ wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ewé ti ẹgbẹ́ kan bá ń ká tí ti èkejì ń tẹ́jú, ẹ ti rí ìdáhùn.

## Kọ́ńpósìtì inú àpò, èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ kó, èyí tí ẹ ṣe fúnra yín

Ti inú àpò rọrùn láti gbé, ó sì sábà máa ń mọ́. Àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ sì wá ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àpò mìíràn, èèpo igi tí wọ́n lọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Dúdú tó dúdú, ebi nàìtírójìn ló ń pa òun fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí ègé igi tó tóbi ju èékánná lọ káàkiri inú rẹ̀, orí ilẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, ẹ má pò ó mọ́ ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kó pẹ̀lú ọkọ̀ máa ń dínwó bí àyè bá pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó níbi tí wọ́n kó o jọ sí kí ẹ tó ní kí wọ́n gbé e wá.

Ẹ bù ú sọ́wọ́, kí ẹ fún un pọ̀. Èyí tó dára á dì mọ́ra, bí ẹ bá sì fi ìka tọ́ ọ á tú ká. Bí omi bá ń kán láàárín ìka yín, omi lẹ ń rà. Bó bá fò bí eruku, ó ti gbẹ jù, á sì nira kó tó lè fa omi mu. Òórùn rẹ̀ yẹ kó dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bó bá ń ta sí imú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, kò tíì gbó, amóníà ṣì ń jáde nínú rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ò wọnú òkìtì rẹ̀.

Imú lè tan èèyàn jẹ lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ fi omi rin díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó pinpin fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá tú u tí òórùn ilẹ̀ ṣì ni, ó ti gbó. Bó bá ń rùn, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i. Ẹ tún lè fi irúgbìn mẹ́wàá tó ń tètè hù sínú rẹ̀; bí kò bá tó mẹ́jọ tó hù, tó sì jẹ́ pé mẹ́wàá hù nínú erùpẹ̀ lásán, kọ́ńpósìtì náà ló ń dí wọn lọ́wọ́.

Erùpẹ̀ ààtàn ńkọ́? Ó dúdú, ọ̀gbìn sì máa ń hù dáadáa lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààtàn òde òní kì í ṣe ewé àti èèpo nìkan. Bátìrì, ìgò fífọ́, ọ̀dà àtijọ́ àti irin wà níbẹ̀, òjé inú wọn kì í jẹrà. Ẹ lè fi sí ìdí òdòdó. Ẹ má fi sí ìdí ẹ̀fọ́.

Bí ẹ bá máa ṣe tiyín, ìwọ̀n tó kéré jù ni òkìtì tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga. Èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ kì í lè pa ooru rẹ̀ mọ́. Báàkẹ́ẹ̀tì méjì sí mẹ́ta ohun gbígbẹ, bí ewé tó ti wọ́ àti koríko gbígbẹ, fún báàkẹ́ẹ̀tì kan ohun tútù, bí koríko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tàbí ìgbẹ́ ẹran. Ohun tí ẹ ń wá ni kí kábọ̀nù jẹ́ 25 sí 30 fún nàìtírójìn 1. Kó tutù bíi kànìnkànìn tí ẹ ti fún. Láàárín ọjọ́ mélòó kan inú rẹ̀ yẹ kó gbóná dé 55 sí 65°C, níbi tí irúgbìn èpò àti kòkòrò àìsàn ti ń kú. Bó bá ju 65 lọ, tàbí tó tutù ju 50 lọ, ẹ yí i padà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, kí èyí tó wà lẹ́yìn wọ àárín. Ìgbà tó bá yí márùn-ún láàárín ọjọ́ 15 tí inú rẹ̀ gbóná bẹ́ẹ̀ lẹ tó lè fọkàn balẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti gbóná dáadáa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

Òkìtì tó tutù láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó gbẹ jù, tàbí pé ohun gbígbẹ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó ń rùn, tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ohun gbígbẹ ló ń fẹ́ àti ọwọ́ tó máa yí i.

Ìgbẹ́ ekòló dára, ó kúnná, kì í jó gbòǹgbò. Àmọ́ owó rẹ̀ ò jẹ́ kó bá ilẹ̀ gbayawu mu. Ẹ fi í sínú ohun tí ẹ fi ń tọ́ irúgbìn, ní 10 sí 20% gbogbo rẹ̀.

## Bí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn

Kọ́ńpósìtì ló ṣáájú gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ọn. Ẹ tẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́dún àkọ́kọ́, kí ẹ pò ó mọ́ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 òkè. Lẹ́yìn ìyẹn, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ́dún ti tó, nítorí pé ilẹ̀ oníyanrìn máa ń jẹ ohun tó jẹrà tán kíákíá, pàápàá níbi tó bá gbóná.

Èèpo àgbọn tí wọ́n lọ̀ kúnná máa ń gba omi tó ìlọ́po méje sí mẹ́sàn-án ìwúwo rẹ̀. Bíríkì kílò 5 kan tí ẹ bá rẹ sínú omi á wú tó lítà 65 sí 75. Bí wọn ò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, iyọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ da omi sí i lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó lò ó. Kò ní oúnjẹ kankan tó ṣeé sọ. Inú ìkòkò ló ti wúlò. Láti dà á sórí ilẹ̀ tó fẹ̀, àṣedànù ni. Peat, ìyẹn ewéko tó ti kó jọ, tó sì jẹrà díẹ̀ nínú irà, náà bẹ́ẹ̀, òun gan-an tilẹ̀ kan jù: pH rẹ̀ jẹ́ 3.5 sí 4.5. Irà tó ń mú un jáde ò sì ń ga ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ lọ́dún, nítorí náà ohun tí wọ́n gbẹ́ lónìí, ọmọ ọmọ wa ò ní rí àrọ́pò rẹ̀.

Èédú ọ̀gbìn, tí wọ́n ń pè ní biochar, ló fa àríyànjiyàn jù. Èédú tó pẹ́ títí ni, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ilẹ̀ dúdú tí àwọn ará àtijọ́ ṣe lágbègbè odò Amazon ṣì ń so èso. Ibi tí ilẹ̀ bá ti kan, tó jẹ́ yanrìn, tí ojú ọjọ́ sì gbóná, ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Lórí ilẹ̀ tó ti lọ́ràá, ìyàtọ̀ tó ń mú wá kì í tó nǹkan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n máa ń da èédú tuntun, tí kò tíì mu nǹkan kan, sínú ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á wá máa fa nàìtírójìn mu lọ́wọ́ ọ̀gbìn. Ẹ pò ó mọ́ kọ́ńpósìtì ní ìdajì sí ìdajì, kí ẹ jẹ́ kó tutù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó lò ó. Lítà 15 fún mítà kan níbùú àti lóròó ni òpin rẹ̀. Èédú tí wọ́n fi ń dáná yan nǹkan, tí wọ́n fi nǹkan mìíràn dì pọ̀, kò sí lára rẹ̀.

## Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀

Ẹ má da yanrìn sí i. Ó dà bíi pé ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ yanrìn díẹ̀ láàárín amọ̀ ń ṣe bí òkúta wẹ́wẹ́ láàárín sìmẹ́ńtì. Kó tó lè ṣe yín láǹfààní, yanrìn gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo rẹ̀ lọ. Fún àyè tó gùn ní mítà márùn-ún, tó fẹ̀ ní mítà méjì, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 20, erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ lítà 2,000. Ẹ máa nílò ju lítà 2,000 yanrìn lọ kó tó lé ní ìdajì, ilẹ̀ á sì ga sókè ní ìlọ́po méjì. Ta ló ní agbára yẹn?

Gypsum, lẹ́búlẹ́bú òkúta funfun kan, ni wọ́n tún máa ń tà fún amọ̀, wọ́n á ní ó ń "tú amọ̀". Irú amọ̀ kan ló ń tú: èyí tí sódíọ̀mù, irú èyí tó wà nínú iyọ̀, pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ mú ògúlútu gbígbẹ tó tó hóró ẹ̀wà, kí ẹ rọra fi sínú ife omi òjò, kí ẹ má rò ó. Ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí 24. Bí omi tó yí i ká bá ti rú bíi wàrà, amọ̀ náà ń tú sínú omi, gypsum lè ràn án lọ́wọ́. Bó bá kàn fọ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí omi ṣì mọ́, gypsum ò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó jẹrà ló ń fẹ́. Gypsum kì í yí pH padà, nítorí náà ẹni tó bá rà á láti mú kíkan kúrò ti fowó ṣòfò.

Ohun tó ń wo amọ̀ sàn ni sẹ̀ǹtímítà 5 kọ́ńpósìtì, tí ẹ fi ọkọ́ tàbí fọ́ọ̀kì pò wọlé nígbà tí ilẹ̀ ò tutù, tí kò sì gbẹ jù. Ẹ kó o sọ́wọ́ kí ẹ fi ṣe bọ́ọ̀lù: bó bá ń dán bí amọ̀ ìkòkò, ẹ padà sílé, ẹ dúró. Amọ̀ tí wọ́n ro nígbà tó tutù á le bíi bíríkì, ó sì lè gba ọdún kan kí ìpalára yẹn tó lọ. Ewé jíjẹrà tí ẹ ti kó jọ fún oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì dára gan-an níbí bí ẹ bá ní in. Oúnjẹ inú rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀.

Ìyẹ̀fun pákó tó ń jáde lẹ́nu ayùn máa ń wu èèyàn nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Kábọ̀nù inú rẹ̀ lè tó 200 sí 500 fún nàìtírójìn 1. Bí ẹ bá pò ó mọ́ ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó fẹ́ jẹ ẹ́ á kó gbogbo nàìtírójìn ilẹ̀ mọ́ ara wọn, ewé yín á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, láàárín ebè tàbí lójú ọ̀nà, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

## Bí ilẹ̀ bá kan: láìmù tàbí eérú

Láìmù tó jẹ́ òkúta ẹfun lílọ̀ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: oṣù méjì sí mẹ́fà kí pH tó yí. Eérú igi ń yára, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ní pọtásíọ̀mù. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti láìmù tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀, igi kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀, tí ẹ sì ní eérú nílé, eérú tó. Ilẹ̀ tó kan gan-an, tó sì fẹ̀, láìmù ni.

Láti gbé pH sókè ní nǹkan bí àmì kan, láìmù tí ẹ máa fi sí mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ gíráàmù 100 sí 150 bó bá jẹ́ yanrìn, 200 sí 250 bí ilẹ̀ bá wà láàárín, àti 350 sí 400 bó bá jẹ́ amọ̀. Bí ohun tí ẹ nílò bá ju 250 lọ, ẹ pín in sí méjì, kí oṣù mélòó kan wà láàárín. Irú èyí tó ní mágnẹ́síọ̀mù wà fún ilẹ̀ tí mágnẹ́síọ̀mù rẹ̀ bá kéré. Bí àyẹ̀wò ò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ra èyí tí kò ní in. Láìmù tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò ń jó ara, ó sì ń jó ilẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Eérú: gíráàmù 50 sí 100 fún àyè kan náà lọ́dún, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kó jẹ́ ti igi lásán, kì í ṣe ti pákó tí wọ́n kùn lọ́dà, kì í sì í ṣe ti pàǹtírí tí wọ́n sun. Ẹ má dà á jọ sí ojú kan.

Láìmù àti eérú kò gbọ́dọ̀ pàdé yúríà tàbí ìgbẹ́ tútù lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá pàdé, nàìtírójìn á di amóníà, á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Òórùn tó ń ta yín ní imú yẹn, owó yín ló ń fò lọ. Ẹ fi láìmù síwájú, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tó mú ìgbẹ́ wá.

## Èló ni kí ẹ rà, ìgbà wo lẹ sì máa fi sí i?

Ìṣirò rẹ̀ ò le: mìlímítà 1 lórí mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ lítà 1. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà 1.2, tó sì gùn ní mítà 4, gba irú àyè bẹ́ẹ̀ 4.8. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ńpósìtì sẹ̀ǹtímítà 5, ìyẹn mìlímítà 50, lítà 240 lẹ máa rà. Ẹ wo iye lítà tó wà lára àpò, ẹ má wo ìwúwo rẹ̀, torí omi ń wúwo.

Bí ẹ bá ń kún àpótí ọ̀gbìn tuntun, kí kọ́ńpósìtì má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ, kí ìyókù jẹ́ erùpẹ̀. Àpótí tí wọ́n fi kọ́ńpósìtì nìkan kún á rì lọ sísàlẹ̀ láàárín ọdún kan, iyọ̀ inú rẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tí ọ̀gbìn kékeré lè gbà lọ, bó bá sì gbẹ pátápátá, omi á máa yọ̀ lójú rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kọ́ńpósìtì tó ti gbó lè wọlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ máa gbìn. Ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbìn, kí ẹ sì rántí ọjọ́ 90 tàbí 120 ṣáájú ìkórè. Ẹ má sì fi ìgbẹ́ adìyẹ ṣe ohun gbogbo lọ́dọọdún: bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n nítorí nàìtírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń bá a wọlé máa ń pọ̀ ju èyí tí ọ̀gbìn ń mu lọ, á wá máa kó jọ, títí tí ọ̀gbìn ò fi ní rí síńkì àti irin mu dáadáa. Bí àyẹ̀wò bá ti ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀, ẹ padà sí kọ́ńpósìtì ewé, kí ẹ fi yúríà díẹ̀ tì í lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìgbà ọ̀gbìn kan, ẹ tún gbẹ́ ihò sẹ̀ǹtímítà 30 yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí omi tó ń lọ ní sẹ̀ǹtímítà kan láàárín wákàtí kan tẹ́lẹ̀ bá ti ń lọ ní mẹ́ta, ẹ dín kọ́ńpósìtì kù sí sẹ̀ǹtímítà kan lọ́dún, kí ẹ kó owó tó kù sórí irúgbìn.